Ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Lórí Ọ̀nà Òkè

Nígbà tí ọkùnrin tí à ń wí yìí fẹ̀yìn tì, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógójì tó ti ń tún ọkọ̀ èrò ṣe nílẹ̀ àjèjì, ohun tó ní òun fẹ́ ṣe kọ́kọ́ pa ìyàwó rẹ̀ lẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó bí i nínú. Ó ní òun fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí òkè pọ̀ sí, kí òun háyà alùpùpù níbẹ̀, kí òun sì fi ọjọ́ mẹ́ta gùn ún lórí àwọn ọ̀nà tó ń lọ́ káàkiri ẹ̀gbẹ́ òkè. Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó bi í bóyá ó ṣì rántí iye ọdún tó wà lórí rẹ̀, àbí kí òun bá a kà á. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bu omi rin òdòdó, wọ́n ń jókòó jẹ́jẹ́ kí eegun wọn sinmi. Tirẹ̀ ni pé yóò kó eegun ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin lọ fún òkúta.

"Ẹ rántí Ẹ̀gbọ́n yín o, Bàbá wọn," ló fi parí ọ̀rọ̀. "Wọn ò ní tìtorí eré sísá sọ èmi náà di ìyàwó ẹlẹ́sẹ̀ kan."

Ọkùnrin náà yíjú sí fèrèsé. Kò sí ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà lè sọ tó máa gún un tó ìyẹn, obìnrin náà kò sì mọ̀.

Bí gbogbo ẹbí ṣe mọ ìtàn ẹsẹ̀ yẹn, kò gùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan náà, sáré àsápajúdé lórí máṣíìnì oníbàárà, ó kọlu ògiri afárá, wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lórúnkún. Àdúgbò sọ ọ́ ní Ẹ̀fúùfù, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ìyá wọn kò yéé wí títí ó fi kú pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe ara rẹ̀. Bí ọmọ kan nínú ilé bá ti ń sáré jù lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n á ní ṣé ó fẹ́ dà bíi Bàbá Ẹ̀fúùfù ni. Ohun tí gbogbo wọn mọ̀ nìyẹn. Àbúrò, ọkùnrin wa yìí, nìkan ló mọ ìyókù.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n nígbà náà, ní orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dà kọjú sí odò. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ Àbúrò níṣẹ́. Ó ní òfin kan tí kì í fi ṣeré: bí máṣíìnì bá ṣì wà ní títú, àkísà pupa gbọ́dọ̀ wà ní síso mọ́ ọwọ́ tí a fi ń darí rẹ̀. Ẹni tó tú máṣíìnì náà nìkan ló lè tú àkísà, ìgbà tó bá sì dè é tán pátápátá ni. Bí àkísà bá ti kúrò, kò sí ìbéèrè mọ́. Ẹlòmíràn ni yóò gùn ún wò, nítorí Ẹ̀gbọ́n máa ń wí pé etí ẹni tó ṣiṣẹ́ kì í gbọ́ àbùkù iṣẹ́ náà.

Lọ́jọ́ tí à ń wí, Àbúrò tú bíréèkì ẹ̀yìn máṣíìnì kan. Ti iwájú ti gbó, oníbàárà ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ di oṣù tó ń bọ̀. Ó ti to gbogbo rẹ̀ padà, ó ku pín kékeré kan tí kì í jẹ́ kí irin bíréèkì yọ. Pín náà wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Ìgbà náà ni ọmọbìnrin kan tó ń kọjá dúró lẹ́nu ọ̀nà láti béèrè nǹkan. Gírísì kún ọwọ́ Àbúrò. Ó na ọwọ́ sí àkísà tó sún mọ́ ọn jù, èyí tó wà lára máṣíìnì náà, ó tú u, ó fi nu ọwọ́, ó sì jáde lọ kí ọmọbìnrin náà. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ dé ibì kan tó fi gbọ́ tí máṣíìnì dún lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti gùn ún, ó ti kọrí sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Máṣíìnì náà fọ́ yángá débi pé kò sẹ́ni tó lè mọ ohun tó kọ́kọ́ já níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, lórí ibùsùn ọsibítù, Ẹ̀gbọ́n yíjú sí Àbúrò, ó bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

"Ṣé o dè é?"

"Mo dè é, Ẹ̀gbọ́n," ni Àbúrò wí.

Ẹ̀gbọ́n wo àjà títí. Ó ní a jẹ́ pé eré òun ló pọ̀ jù nìyẹn. Àbúrò jáde, ó lọ sẹ́yìn ilé ìwòsàn, ó sọ pín náà sínú gọ́tà. Ṣọ́ọ̀bù kógbá wọlé lọ́dún kejì, òun náà sì wá ọ̀nà lọ sókè òkun. Ọmọbìnrin ọjọ́ náà ló fi ṣe aya.

Ẹ̀gbọ́n yìí kan náà ló wá ń tì í pé kó lọ gun òkè. Àwòrán ọ̀nà òkè kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù ayé àtijọ́, kàlẹ́ńdà tí ọdún rẹ̀ ti kọjá lọ, wọ́n a sì máa wí pé lọ́jọ́ kan àwọn méjèèjì á gun irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ní báyìí tí àwọn ọmọ Ẹ̀gbọ́n ti ra fóònù tó dáa fún un, ojoojúmọ́ ló ń pè. Ó ní kí Àbúrò lọ fi ojú àwọn méjèèjì wò ó, kó máa ròyìn fún òun ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan. Báwo lèèyàn ṣe ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí a jẹ ní gbèsè ẹsẹ̀? Àbúrò lọ.

Obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun ló ń fi máṣíìnì háyà ní ìsàlẹ̀ òkè. Àbúrò bẹ̀rẹ̀ sídìí èyí tí wọ́n fún un, ó tẹ bíréèkì, ó wo ìdí rẹ̀, ó yí i ká, ó tún padà wá tẹ̀ ẹ́. Èdè tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ó yé e nígbà tí obìnrin náà béèrè bóyá ó fẹ́ gbé máṣíìnì náà níyàwó ni. Ó ní mẹkáníìkì ni òun. Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó ní kò sí oníbàárà tó burú tó mẹkáníìkì, wọ́n máa ń gbọ́ ikọ́ nínú àyà ẹni tí ara rẹ̀ le.

Ọ̀nà náà rẹwà, irọ́ ò sí níbẹ̀. Ó lọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, ó ká, ó tún ká, tó fi jẹ́ pé èèyàn á bojú wolẹ̀ rí ibi tó ti kọjá ní ìpele mẹ́rin lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìkùukùu ń wọ inú akoto tó dé sórí. Àwọn ọ̀dọ́ orí máṣíìnì ń kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Kódà ọkùnrin kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ lásán kọjá lára rẹ̀, ó sì juwọ́ sí i tàánútàánú.

Ní gbogbo ibi tó bá ti dúró, ó ń pe Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n á béèrè bí kọ́nà náà ṣe rí, bóyá omi ò sí lórí ọ̀dà rẹ̀, bóyá òkúta wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Jíà wo lo fi wọ̀ ọ́?"

"Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ojo. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta gbà á dáadáa."

Á wá rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ á fi gbà á. Àbúrò náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í kọjá eyín. Bí ó ti ń gòkè ni ọ̀rọ̀ náà ń wúwo sí i nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tó rẹwà tó bá rí, ó ń rí i bí ohun tí òun jí. Ó sun oorun méjì ní àwọn ilé àlejò ẹ̀bá ọ̀nà, èkejì kò sì tó oorun.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ló dé orí òkè pátápátá. Ilé oúnjẹ kékeré kan wà níbẹ̀ àti bẹ́ǹṣì onípákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó jókòó, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó pe Ẹ̀gbọ́n, ó sì ròyìn títí ó fi tán. Ẹ̀gbọ́n kò béèrè jíà lọ́tẹ̀ yìí. Rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń jẹ mí lẹ́nu tipẹ́," ló wí. "Ibi tó o wà yẹn, àwa méjèèjì ló yẹ ká jọ wà níbẹ̀. Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo sáré, mo ba ara mi jẹ́, mo tún ba ṣọ́ọ̀bù jẹ́ mọ́ ọ lórí, tó o fi di ẹni tó ń gbé láàárín àjèjì títí orí fi funfun. Má bínú sí mi, Àbúrò mi."

Àgbà kì í bẹ àbúrò rẹ̀ lásán. Ọkùnrin náà gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó, ó dá a padà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tirẹ̀ ti lọ ní ọdún mẹ́tàlélógójì, kò sì sí òtítọ́ kankan tó ń lé e. Bí ó bá ní "kò burú, Ẹ̀gbọ́n," ọ̀rọ̀ tán nìyẹn títí ọjọ́ ikú. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó la ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀ gan-an.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sáré," ló sọ. "Mi ò dè é. Irọ́ ni mo pa fún yín ní ọsibítù."

Ó sọ ọ́ látòkèdélẹ̀, àkísà, ọwọ́ onígírísì, pín inú àpò, gọ́tà. Nígbà tó dákẹ́, ó gbọ́ tí Ẹ̀gbọ́n pa rédíò.

"Pín ìdí bíréèkì ẹ̀yìn?"

"Òun ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ẹsẹ̀ mi sọ fún mi lọ́jọ́ náà," ni Ẹ̀gbọ́n wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Mo tẹ̀ ẹ́, ó wọlẹ̀ bí ẹní tẹ ẹrẹ̀. Gbogbo ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni mò ń sọ ọ́ fún ara mi. Ìwọ wá ní o dè é. Mo gba ẹnu rẹ gbọ́ ju ẹsẹ̀ mi lọ."

Àbúrò dìde kúrò lórí bẹ́ǹṣì.

"Ṣé orí òkè lo ṣì wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Máa sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Tó o bá délẹ̀, má pè mí. Èmi ni màá pè ọ́."

Ó sọ̀ kalẹ̀ ní jíà kìíní. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fun fèrè títí ó fi sú wọn. Obìnrin onímáṣíìnì béèrè bí ọ̀nà ṣe rí lójú rẹ̀, ó ní ó dára. Kò lè rántí kọ́nà kan ṣoṣo níbẹ̀ mọ́.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní ó jọ pé eegun pé. Ṣùgbọ́n ó kíyè sí i pé kò jẹun bó ṣe yẹ, pé ó ń gbé fóònù wọ ilé ìwẹ̀, pé bó bá ti dún, á fò dìde, á wò ó, á sì tún jókòó. Ó bi í bóyá obìnrin kan ló rí lórí òkè. Ọkùnrin náà ní òun ti dàgbà kọjá ìyẹn. Obìnrin náà ní ta ló sọ fún un.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, Ẹ̀gbọ́n pè. Kò kí i.

"Ìyá wa ti lọ," ló wí. "Ó lọ tòun ti ìbínú sí mi. Ìyẹn ò ṣeé tún ṣe, èmi ò sì mọ ohun tí màá fi í ṣe. Àwọn tó kù, ìyàwó mi, àwọn ọmọ mi, àwọn àgbà àdúgbò tó ṣì wà láyé, ìwọ ni wàá wá sọ fún wọn lójúkojú. Mi ò ní bá ọ sọ ọ́, mi ò sì ní tì ọ́ lẹ́yìn."

"Màá wá, Ẹ̀gbọ́n." Ó gbé fóònù sí etí kejì. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

"Mi ò tíì débẹ̀," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Ẹlẹ́sẹ̀ kan ni mí, mi kì í yára rìn. Wá ná."

Fóònù kú. Ọkùnrin náà rò ó pé òun lè fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ di ọjọ́ tí òun bá dé ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n, kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìyàwó òun náà á ti gbọ́, láàárín èrò. Lẹ́yìn náà ló dìde lọ sí ilé ìdáná. Ìyàwó rẹ̀ ń fọ abọ́. Ọkùnrin náà ní kó nu ọwọ́, kó wá jókòó. Obìnrin náà wo ojú rẹ̀, ó béèrè ta ló kú. Ó ní kò sẹ́ni tó kú. Ó fa àga kan fún un, ó fa èkejì fún ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ àkísà náà, láìfo ibì kankan.