Aṣọ Tí Hàlímọ̀tù Kò Rán

Gbádéyan kò mọ̀ pé àwọn ará ọ́fíìsì owó orí máa ń wá fojú ara wọn rí nǹkan. Lọ́dún 1994 tó ṣe fíìmù rẹ̀ ní Ìlọrin, ìjọba ti ṣèlérí pé ẹni tó bá ṣe fíìmù níbẹ̀, tó sì gba ará ìlú mẹ́wàá síṣẹ́, àwọn yóò fi owó orí ọdún kan jì í. Ṣùgbọ́n Èkó ni ọkùnrin wa ti kó gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá, títí dórí ẹni tó ń dáná. Nígbà tí fọ́ọ̀mù dé, ó jókòó sí yàrá rẹ̀ ní àdúgbò Fate, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn aládùúgbò rẹ̀ sílẹ̀, kò sì sọ fún ẹnì kankan nínú wọn. Hàlímọ̀tù, ìyá Naimat, tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà, ló fi ṣáájú. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé obìnrin náà ló rán aṣọ àwọn òṣèré.

Bẹ́ẹ̀ Hàlímọ̀tù yìí kan náà ti wá bẹ̀ ẹ́ fún iṣẹ́ aṣọ náà rí. Ó tilẹ̀ mú bùbá kan tó fi òwú ṣe ọnà sí lọ́rùn dání, kí ó lè rí iṣẹ́ ọwọ́ òun. Gbádéyan kò tú u wò. Ó ní fíìmù kì í ṣe aṣọ ọdún, pé ẹni tó lajú ni òun ń wá. Gbádéyan náà mà lẹ́nu o!

Ààwẹ̀ ti lé ní ìdajì lọ́jọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Sàlíhù, òṣìṣẹ́ owó orí, wọlé tòun ti fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Hàlímọ̀tù wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń tẹ maṣíìnì rẹ̀. Gbádéyan fẹ́ sá wọ yàrá, àmọ́ àlejò ti rí i.

"Salaamu alaekun, ìyá. Ṣé ẹ̀yin ni Hàlímọ̀tù tẹ́ ẹ rán aṣọ fíìmù Ọ̀gbẹ́ni Gbádéyan?"

Obìnrin náà gbójú sókè. Ó wo fọ́ọ̀mù, ó wo Gbádéyan tó ń làágùn yọ̀bọ̀.

"Alaekun salaamu. Èmi ni. Gbogbo rẹ̀ pátá."

"Ó dáa. Aláàwẹ̀ ni yín, mi ò ní dà yín láàmú. Ọ̀rọ̀ yín ti tó mi." Sàlíhù fi bírò sàmì sí fọ́ọ̀mù, kò tilẹ̀ béèrè ẹni kejì, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ojú ti Gbádéyan. Ká ní obìnrin náà tú àṣírí rẹ̀ ni, ì bá rí ẹni bínú sí. Èyí tó ṣe yìí kò fún un láyè kankan.

"Ìyá Naimat, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kí ló dé tẹ́ ẹ gbà fún un?"

"Ṣé kí n wá dójú tì yín níwájú àlejò ni? A jọ ń gbélé." Ó dá maṣíìnì dúró. "Ààwẹ̀ tòní ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí irọ́ yìí. Màá gba òmíràn dípò rẹ̀ lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀."

Gbádéyan kò lè gbórí sókè.

"Bàbá Tìmílẹ́hìn," Hàlímọ̀tù tún pe Gbádéyan, ohùn rẹ̀ kò le rárá, "aṣọ wo ni mo rán? Ẹ sọ fún mi, bí wọ́n bá tún padà wá, kí n lè mọ ohun tí màá wí."

Gbádéyan gbójú sókè wò ó. Bùbá tí obìnrin náà mú wá hàn án lọ́jọ́ tó wá bẹ̀ ẹ́ fún iṣẹ́ ló wọ̀. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ọrùn rẹ̀, ó sì rí i pé ọnà náà dára ju gbogbo aṣọ tó kó wá láti Èkó lọ.