Ohun Tó Gbé Àgùnfọn Wálé

"Kí ló gbé ọ wálé nígbà tí ìdíje ò tíì parí?"

Màmá wa ló bi ẹ̀gbọ́n mi bẹ́ẹ̀, bó ṣe ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ebi ń pa òun. Màmá wò mí, èmi náà wo àjà.

Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí Àgùnfọn, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n mi, ti ń fi bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ jẹun lókè òkun. Òun ló máa ń pín bọ́ọ̀lù fún àwọn yòókù. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é lójoojúmọ́ pé kó padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Fóònù á dún títí, á sì dákẹ́.

Èmi kì í lè sùn tí mo bá rí àlọ́ tí mi ò lè já. Mo wo orúnkún rẹ̀, kò wú. Mo wo ìrìn rẹ̀, kò tiro. Mo bi í bóyá obìnrin ni.

"Àbúrò, lọ wá iṣẹ́ ṣe."

Lọ́jọ́ Sátidé, mo tàn án lọ sí pápá tó ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù. Kóòṣì rẹ̀ àtijọ́ rìn wá láti apá òsì ẹ̀gbọ́n mi, ó na ọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ò tilẹ̀ yíjú.

"Ẹ wá wò ó o," kóòṣì ní, "ó ti di ọ̀gá. Kì í bọ irú wa lọ́wọ́ mọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi ta gìrì, ó yí gbogbo ara padà. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọjọ́ mẹ́ta wo?" Kóòṣì rẹ́rìn-ín, ó lọ mú bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n ṣe máa ń kí ara wọn nìyẹn: wọ́n á ṣàdédé ju bọ́ọ̀lù síni, ẹni tí kò bá mú un á sáré yí pápá po. Kò sẹ́ni tó rí Àgùnfọn kó sá eré yẹn rí.

Apá òsì ẹ̀gbọ́n mi náà ló ti jù ú, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ju nǹkan fún ọmọdé.

Ojú ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń wò. Èyí tó wà lápá òsì là sílẹ̀, ó mọ́, kò pọ́n. Bọ́ọ̀lù ń bọ̀. Kò ṣẹ́jú. Ọwọ́ rẹ̀ ò mì. Bọ́ọ̀lù bà á lẹ́rẹ̀kẹ́ gbàà, ó bọ́ sílẹ̀, ó ń ta lọ.

Kóòṣì jẹ́ kí bọ́ọ̀lù náà yí lọ.

Mo rọra rìn lọ sápá òsì náà. Mo gbé ìka síwájú ojú yẹn títí tó fi kù díẹ̀ kó kan ìpéǹpéjú. Ó ń wò mí. Kò rí mi.

"Àbúrò," ó ní, ó ń fi ojú kejì wá mi lápá ọ̀tún, "ibo lo wà?"