Ibi Tí Alága Máa Ń Dúró Sí

Ẹ má pè mí ní èèyàn rere nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún méjì gbáko ni mo fi di alága ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù wa sínú, mo sì ń kí i láràárọ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Èmi ni mò ń tọ́jú koríko pápá wọn. Èyí tó le jù níbẹ̀ ni gíríìnì, ìyẹn ibi tí ihò wà, tí a máa ń gé koríko rẹ̀ kanlẹ̀ kí bọ́ọ̀lù lè yí lórí ẹ̀. Èmi ni mò ń gé e, èmi ni mò ń bomi rin ín, èmi náà ni mò ń gbẹ́ ihò tuntun síbẹ̀ láràárọ̀. Mo mọ ibi tí ilẹ̀ le sí, mo mọ ibi tó rọ̀, mo sì mọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn máa ń dúró sí.

Àbúrò mi ọkùnrin, káfíńtà ni. Orí òrùlé ilé ẹgbẹ́ yẹn gan-an ló ti já bọ́. Òjò ṣú, ó ní òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Alága ní kó yára kan páànù tó kù, pé àlejò ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ò gbé e mọ́ láti ọjọ́ náà. Nílé ìwòsàn tí wọ́n ti ń kọ́ ọ bó ṣe máa lo apá rẹ̀ ni ẹnì kan ti fi igi gọ́ọ̀fù lé e lọ́wọ́. Ọmọ tí kì í fẹ́ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó wá táyà tó fẹ̀, tó sì rọ̀, sí kẹ̀kẹ́ tó ń jókòó lé, ó so bẹ́líìtì mọ́ ọn tí kò fi ní ṣubú tó bá na igi, ó wá sọ́dọ̀ wa, ó ní òun fẹ́ máa gbá bọ́ọ̀lù.

Alága ò tilẹ̀ wo ojú ẹ̀. Èmi ló kọjú sí.

"Ìyá Oníkoríko, ẹ bá mi sọ fún un pé kẹ̀kẹ́ arọ ò gbọdọ̀ dórí gíríìnì. Á ba koríko jẹ́."

Ẹ ẹ̀ rí nǹkan. Àbúrò mi wà níbẹ̀, etí rẹ̀ ò di. Mo ní, "Alága, ẹ̀rọ tí mo fi ń gé koríko yìí wúwo ju òun àti kẹ̀kẹ́ ẹ̀ lọ. Táyà náà ló fi ń rìn." Ó ní ọ̀tọ̀ ni ti ẹ̀rọ. Ẹ̀jẹ̀ mi hó, ṣùgbọ́n mo gbé e mì.

Àbúrò mi kọ lẹ́tà mẹ́rin sí ìgbìmọ̀ wọn. Nígbà tó sú wọn, wọ́n ní kó wá gbá a lójú àwọn, lórí gíríìnì tó wà níwájú ilé ẹgbẹ́. Bí táyà rẹ̀ bá dá àpá kan péré, kò gbọdọ̀ padà wá mọ́. Bí kò bá dá àpá, ọ̀nà ṣí fún òun àti ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí kẹ̀kẹ́. Tíṣà kan àti télọ̀ kan tí wọ́n jọ wà nílé ìwòsàn ti ń retí àbọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀.

Ó yẹ kí ìyẹn tó mi. Kò tó mi. Mo fẹ́ kí alága kúnlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìwé kan mọ́ ara ògiri níbẹ̀ pé ẹni tó bá dá àpá sórí gíríìnì, kó kúnlẹ̀, kó fọwọ́ ara ẹ̀ tún un ṣe. Ó sì máa ń dúró ti èèyàn títí onítọ̀hún á fi kúnlẹ̀. Mo ti rí i tó ṣe é fún bàbá arúgbó.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo gbẹ́ ihò sí ọwọ́ ọ̀tún. Lọ́wọ́ òsì, níbi tí alága máa ń dúró sí, tó máa ń fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀, mo da omi sí ibẹ̀ títí abẹ́ ilẹ̀ fi rọ̀ pẹ̀tẹ̀. Kò fẹ̀ ju ẹní kan lọ. Mo wá gé koríko kọjá lórí ẹ̀, kó má bàa hàn. Mo rò pé mo gbọ́n.

Àwọn ìgbìmọ̀ dé, àwa márùn-ún, mẹ́fà la tò síbẹ̀. Àbúrò mi gbá bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà gun gíríìnì, ó yí, ó kọjá ihò, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sí òsì. Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́ díẹ̀ sápá ibẹ̀. Èmi tí mo mọ ilẹ̀ yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ, ìbínú ò jẹ́ kí n rántí. Etí omi mi gan-an ni bọ́ọ̀lù náà dúró sí.

Bí táyà àbúrò mi bá wọ ibẹ̀, ó parí, ọwọ́ ọmọ ìyá rẹ̀ ló sì ti wá. Ìyá wa máa ń sọ pé tó o bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, má gbẹ́ ẹ jìn. Mi ò lè lanu, torí tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á mọ̀.

Àbúrò mi yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé ibẹ̀, ó dúró. Ó wo ilẹ̀. Ó wò mí. Èmi ni mo kọ́ ọ pé koríko tó bá mumi jù máa ń dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ó rọra dá kẹ̀kẹ́ padà, ó gba ibi gbígbẹ yí ká, ó tẹ̀ títí mo fi rò pé bẹ́líìtì á já, ó fi ọwọ́ kan gbá a. Kò wọ ihò. Ó ku bí ẹsẹ̀ bàtà méjì.

Alága ò wo bọ́ọ̀lù rárá. Ilẹ̀ ló ń wò. "Ẹ jẹ́ n rí ibi tó gbà," ló wí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá àpá táyà kiri, ó ń fẹ̀yìn rìn bọ̀ títí ó fi dé ibi tó máa ń dúró sí. Gìgísẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ tán. Nígbà tó fà á yọ, ihò tó kù síbẹ̀ á gba ife kan.

Wọ́n wo ibi tí kẹ̀kẹ́ àbúrò mi gbà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Akọ̀wé wọn, màmá kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní, "Alága, ìwé ara ògiri ńkọ́?"

Alága rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá a rín in. Ó kọjú sí mi. "Ìyá Oníkoríko, ẹ bá mi tún un ṣe."

Mo yọ fọ́ọ̀kì kékeré tí a fi ń ṣe é jáde lápò, mo fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwé ní kéèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é ni."

Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun. Mo wò ó dáadáa. Ó dùn mọ́ mi dé egungun. Bó ṣe kúnlẹ̀ yẹn, ojú òun àti àbúrò mi wá dọ́gba fún ìgbà àkọ́kọ́. Alága ń kánjú gún ilẹ̀.

Àbúrò mi ní, "Ẹ má yára, sà. Ẹni tó bá yára máa ń ṣèṣe."

Ìgbìmọ̀ bu ọwọ́ lu ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí à ń lọ sílé, mò ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn, mò ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Àǹtí, omi yẹn."

Mo ní mo mọ̀.

"Ká ní mi ò rí i ńkọ́?"

Ó gbé ọwọ́ lé táyà rẹ̀, ó yí i fúnra rẹ̀ lọ síwájú, ó fi mí sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Tíṣà àti télọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá báyìí. Alága ò dúró lápá òsì mọ́. Mi ò bẹ̀ ẹ́, mi ò sì ní bẹ̀ ẹ́ láéláé. Àbúrò mi ni mò ń bẹ. Láràárọ̀, kó tó gbá bọ́ọ̀lù, ó máa ń na ọwọ́ sílẹ̀, á fi tẹ koríko tí mo ti gé, á kọ́kọ́ wò ó bóyá ó gbẹ.