Iṣẹ́ Ọ̀dà Tí Bàbá Mi Fi Kọ́ Ẹlòmíràn

Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni bàbá mi, Clarrie Nankervis, fi kun ọ̀dà sára irin ọkọ̀ ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ní ìlú Elizabeth níbí, kò sì fi ẹyọ kan kọ́ mi nínú ohun tó mọ̀. Èmi nìkan ni ọmọ tó bí. Ohun tí mo mọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, inú ìwé ni mo ti kà á, tàbí kí n bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó mọ̀ ọ́n. Àmọ́ nígbà tí Tuan Luu dé, ọkùnrin tí kò bá wa tan níbì kankan, láàárín oṣù kan péré ni Bàbá tú gbogbo ìmọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n dá ọ̀dà ara irin ọkọ̀ àtijọ́ padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà jáde nílé-iṣẹ́. Gáráàjì tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Salisbury ni àwọn olówó ọkọ̀ ń kó wọn wá sí: fèrè, ríìmù, abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Màá bó wọn títí dé ara irin, màá kùn wọ́n, màá fi ààrò yan wọ́n. Wọ́n ń yìn mí. Ìwé ìròyìn àdúgbò ti wá ya fọ́tò mi rí. Ibi ìdíje ọkọ̀ àtijọ́ ọdọọdún nìkan ni wọ́n ti ń dójú tì mí, níbi tí àwọn onídàájọ́ ti ń fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo kọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́rin léra wọn ni wọ́n kọ ohun kan náà síwèé fún mi: "Ó dán jù. Kò jọ ti ilé-iṣẹ́."

Mo bi Bàbá nígbà kan tí a ń jẹun. "Bàbá, báwo lẹ ṣe ń kun fèrè nígbà yẹn lọ́hùn-ún tí kì í dán jù?"

Ó jẹ ẹran ẹnu rẹ̀ tán. "Bí a ṣe ń kùn ún náà ni." Ó ní kí n na iyọ̀ sí òun.

Oṣù kejì ọdún tó kọjá ni Tuan dé, nígbà tí oòrùn ń sun páànù. Olùkọ́ ìṣirò ni, ó ti tó ẹni ogójì ọdún. Ọkọ̀ bàbá rẹ̀ tó ti kú ló fẹ́ tún ṣe, èyí tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ rà nígbà tí wọ́n ti Vietnam dé sí ìlú yìí. Ìyá rẹ̀ máa pé ọgọ́rin ọdún, ó sì fẹ́ fi ọkọ̀ náà gbé e jáde lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ọwọ́ ara òun lòun fẹ́ fi kùn ún, kí n ṣáà yá òun ní igun kan nínú gáráàjì. Mo gbà. Mo rẹ́rìn-ín nínú ara mi pé màá rí eré wò.

Ọjọ́ kẹta, Bàbá gbé kọ́ọ̀bù tíì rẹ̀ jáde, ó bá Tuan níbi tó ti fẹ́ fọ́n ọ̀dà sára fèrè.

"Ìwọ ọmọ yìí! Ta ló ní kí o fọ́n ọn?"

"Bàbá, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ni."

"Ẹni tó kọ ìwé yẹn ò fọwọ́ kan ọ̀dà rí láyé ẹ̀. Rì í bọnú ọ̀dà, gbé e kọ́, kúrò níbẹ̀!" Ó gbé tíì sílẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ wáyà di ìkọ́. Wọ́n ri fèrè náà, wọ́n gbé e kọ́. Ọ̀dà rọra ń ṣàn wá sílẹ̀, ó di ẹ̀kán kan létí ìsàlẹ̀. Tuan na aṣọ sí i.

"Má nù ún! Gbogbo èyí tí a ṣe nílé-iṣẹ́ ló ní i. Ẹ̀rí ẹ̀ nìyẹn."

Èmi náà wà níbẹ̀, mo dúró bí òpó. Ìbéèrè tí mo ti ń gbé kiri láti ọdún mẹ́rin, àlejò ọjọ́ mẹ́ta ló gba ìdáhùn ẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí iléèwé bá ti ń jáde báyìí, Bàbá á ti fá irùngbọ̀n dúró dè é, ẹni tí kì í fá a ju ọjọ́ Sunday lọ. Ó ń pè é ní "ọmọ mi." Lóṣù karùn-ún, Tuan gbé fèrè yẹn lọ síbi ìdíje. Onídàájọ́ kan tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀kán náà, ó pe àwọn yòókù wá wò ó. Tuan ló gba ẹ̀bùn àkọ́kọ́. Tèmi? Ó dán jù. Bàbá pàtẹ́wọ́ títí ó fi ń wúkọ́.

"Àǹtí Raelene, ẹ má bínú o," ni Tuan fi mí ṣeré, "fèrè mi kàn pariwo ju tiyín lọ ni."

Mo fi eyín rẹ́rìn-ín.

Ríìmù mẹ́rin ló kù kí ọkọ̀ náà parí. Àwọ̀ eyín erin ni wọ́n. Ọjọ́ mẹ́fà ni àwọn méjèèjì fi po ọ̀dà náà, wọ́n ń fi í wé ẹ̀yìn ríìmù níbi tí oòrùn ò dé rí. Ojú mi mú ju ti àwọn méjèèjì lọ, ẹnì kan ò sì sọ pé, Raelene, wá bá wa wò ó.

Lọ́sàn-án Friday, Tuan wà níléèwé, Bàbá ń sùn. Mo mú òróró tí wọ́n fi ń dán ọkọ̀, irú èyí tí kò sí akunọkọ̀ tó jẹ́ gbé e súnmọ́ ọ̀dà, mo kán an sínú agolo wọn. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Mo rò ó pọ̀, mo nu igi, mo wọlé lọ gé àlùbọ́sà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n kun ríìmù. Kò pẹ́ tí ọ̀dà náà bẹ̀rẹ̀ sí í sá kúrò lára irin, ó ń la ihò róbótó róbótó bí ojú ẹja káàkiri.

Bàbá tẹ̀ síwájú, ó wò ó títí.

"Ọwọ́ mi ni," ó wí. "Èmi ni mo nù wọ́n. Ojú mi ò rí ìdọ̀tí mọ́." Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó jù ú sínú ike ìdọ̀tí, ó jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì. "Wá ẹlòmíràn, ọmọ mi. Mo ti darúgbó."

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó sin ìyá mi. Ẹnu rẹ̀ ò wọ́ báyẹn.

"Èmi ni," mo wí. "Mo da òróró sí i."

Tuan yíjú sí mi. "Àǹtí, kí ni mo fi ṣe yín?"

"O ò fi nǹkan kan ṣe mí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ríìmù rẹ̀. Bàbá ò gbójú sókè. "Nítorí kí ni, Raelene?"

Ìgbà yẹn ni mo pariwo. "Ẹ kọ́ ọ! Mo bi yín, ẹ ní kí n mú iyọ̀ wá! Ọmọ yín ni mí, Bàbá!"

"Ìlara ni," Bàbá wí, bí ẹni ń sọ iye tí wọ́n ń ta búrẹ́dì. "Mo kun irin fún ọdún mẹ́rìnlélógójì, kò sí èyí tí wọ́n kọ orúkọ mi sí. Ìwọ kun abẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n gbé kámẹ́rà wá. Mo ń wò yín lójú wíńdò. Mo ní, èyí tí mo mọ̀, o ò ní rí i fi kún tìẹ."

Tuan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ríìmù kan lábẹ́ apá rẹ̀, ó ń wò mí, ó ń wo Bàbá.

"Ẹ̀yin méjèèjì jọra o," ó wí. Ó gbé ríìmù náà kalẹ̀. "Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kí Mọ́mì pé ọgọ́rin. Ta ló máa bó èyí?"

"Èmi ni."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé irin. Tí sáńpépà mi bá ti gbó, Tuan á ju tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láìwojú mi. Bàbá tún ọ̀dà pò. Lọ́jọ́ kẹrin ó pè mí. "Wá wò ó. Ṣé ó funfun jù?"

"Díẹ̀," mo wí. Ó kán dúdú sí i.

Wọ́n fi ọkọ̀ náà gbé ìyá Tuan kọjá ládùúgbò wa lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Tuan juwọ́ sí Bàbá, kò dúró. Kò padà sí gáráàjì wa mọ́. Bí a bá pàdé níbi ìdíje, á kí mi, á kọjá lọ, n kò sì lè bínú sí i.

Bàbá ń kọ́ mi báyìí, gbogbo ọjọ́ Wednesday. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ri àpótí bátìrì kan, mo gbé e kọ́. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó wò ó tinú tẹ̀yìn.

"Ó dáa," ó wí. "Ọwọ́ Tuan fúyẹ́ ju tìẹ lọ, ṣùgbọ́n ó dáa."

Ìlara yẹn tún dé, bíi ti tẹ́lẹ̀ gan-an. Mo gbé e mì. Mo ní, "Bàbá, ẹ fọwọ́ yín ṣe é kí n rí i."