Búlọ́ọ̀kù Bàbá Theophilus

Mọ́ṣádé kì í jẹ oúnjẹ ẹnikẹ́ni ní Ìbẹ̀fún, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń di ìjà. Bó bá ti Ìjẹ̀bú-Òde dé láàárọ̀, búrẹ́dì àti ẹ̀pà ló ń gbé dání. Abẹ́ igi ọsàn ló ti ń jẹ ẹ́, tí òórùn ìkọ́kọrẹ́ Ìyá Susannah á máa fẹ́ sí i nímú. Ìyá Susannah tó ń dáná fáwọn òṣìṣẹ́ ti ń bínú. Ó ní ṣé òun máa fi májèlé sí i ni.

Kì í ṣe ìgbéraga. Mọ́ṣádé ń kọ́ni níṣẹ́ ilé kíkọ́ nílé ẹ̀kọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ Ìmùṣin ni, kò sì ní ẹbí kankan ní Ìbẹ̀fún. Torí ẹ̀ gan-an ni ìjọ ṣe bẹ̀ ẹ́ pé kó máa wá yẹ iṣẹ́ wò bí wọ́n ti ń tún gbọ̀ngàn wọn kọ́. Kò sí lábẹ́ bíríkìlà, kò sí lábẹ́ ìgbìmọ̀, ohun tójú rẹ̀ bá rí ni kó sọ. Ó sì mọ ara rẹ̀: bó bá ti jẹ ìkọ́kọrẹ́ èèyàn, ẹnu rẹ̀ kò ní gbà á láti bá wọn wí mọ́.

Ọ̀sán Sátidé kan lọ́dún 1984 ni ilẹ̀ mì tìtì. Nílé ọ̀pọ̀ èèyàn, àwo ló kàn pariwo. Ní ti ìjọ yìí, ògiri alámọ̀ gbọ̀ngàn wọn wó lu Bọ́lánlé tó ń gbálẹ̀ de ìsìn ọjọ́ kejì. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ti jinná, ó ku ọ̀pá tó fi ń rìn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò tíì kúrò lára rẹ̀. Bí gbogbo ìjọ bá wọ ilé tí wọ́n ń lò fún ìsìn báyìí, ìta ló ń jókòó sí, òjò ìbáà máa rọ̀. Bàbá Theophilus, bàbá rẹ̀ àgbà, ẹni tó dàgbà jù nínú ìjọ, ló fàáké kọ́rí pé àfi kí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn tí ọmọ òun á lè wọ̀. Lọ́jọ́ ìpìlẹ̀, bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ kalẹ̀ nígun ẹnu ọ̀nà, àwọn àgbà yòókù gbé tiwọn tẹ̀ lé e, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ya fọ́tò.

Ìgbà tí ògiri dé ojú fèrèsé ni Mọ́ṣádé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìṣó kan ló fi ń ha búlọ́ọ̀kù. Níbi gbogbo, ìṣó náà ń yọ̀. Nígun ẹnu ọ̀nà, ó wọlé ṣinrin, iyanrìn sì ń dà sílẹ̀.

Ó pe Adélékè, ọ̀gá bíríkìlà. Ọkùnrin náà wolẹ̀.

“Ìgbìmọ̀ ní àwọn búlọ́ọ̀kù tí mo ti ní ti dúdú, mà, pé wọn ò ní dáa nínú fọ́tò. Mo bá sáré mọ tuntun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Wọn ò rí omi tó yẹ ká wọ́n sí wọn fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n lè le.”

“Ẹ wá mọ̀, ẹ sì ń kọ́lé lé e lórí?”

“Ta ló fẹ́ kí n wú ohun táwọn àgbà fọwọ́ gbé kalẹ̀, tí wọ́n gbàdúrà sí?”

Ọ̀gbẹ́ni Frederick, akọ̀wé ìgbìmọ̀, ti dé. Ó ní, “Àǹtí, ẹ jẹ́ ká rẹ́ ibẹ̀ dáadáa. Bí Bàbá bá gbọ́ pé a wó tiwọn, ó lè pa wọ́n.”

Mọ́ṣádé fẹ́ràn bàbá náà, kò sì wù ú kó jẹ́ òun ni yóò ba ayọ̀ rẹ̀ jẹ́. Síbẹ̀, ilé bàbá ló gbà lọ. Ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀.

Bàbá Theophilus bi í pé, “Bílẹ̀ bá tún mì ńkọ́?”

“Igun yẹn ló máa kọ́kọ́ wó, sà.”

“Ibẹ̀ ni mo ní kí Bọ́lánlé máa jókòó sí. Mo ní búlọ́ọ̀kù èmi ló wà níbẹ̀, pé kò lè ṣe é ní nǹkan kan.” Bàbá dìde. “Bá mi mú fìlà mi.”

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó gba òòlù lọ́wọ́ Adélékè, ó sì lu búlọ́ọ̀kù ara rẹ̀. Ó rún wómúwómú. Frederick bojú. Bàbá ní tirẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

“Àdúrà mi ò ní simẹ́ńtì nínú,” ló wí.

Wọ́n tú igun náà. Adélékè mọ búlọ́ọ̀kù míì. Láràárọ̀ ni bàbá ń wá bu omi wọ́n ọn, Frederick ló sì ń gbé garawa tẹ̀ lé e. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ó ti tó, bàbá á lé e. Ìgbà tí Mọ́ṣádé sọ pé wọ́n ti gbó ni wọ́n tó gbé wọn kalẹ̀, láìsí oní-fọ́tò.

Nígbà tí ògiri gbẹ, Mọ́ṣádé fi ìṣó lé Bọ́lánlé lọ́wọ́. Ọmọ náà wò ó, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó sì rọra wọlé. Ó ha búlọ́ọ̀kù tuntun tó wà nípò ti bàbá rẹ̀ àgbà. Ìṣó yọ̀. Ó tún ha á tagbáratagbára, títí ó fi ń mí hẹlẹ. Ó wá fi ọ̀pá rẹ̀ lélẹ̀, ó jókòó, ó sì fẹ̀yìn ti ògiri. Bàbá Theophilus yíjú síbòmíì, ó ń fi agbádá nu ojú.

Ìyá Susannah gbé àwo ìkọ́kọrẹ́ dé iwájú Mọ́ṣádé. “Ṣé ẹ ó jẹun wàyí?”

“Ó ku òrùlé, mà.”

Bọ́lánlé nawọ́ láti ìdí ògiri. “Ẹ gbé e wá síbí, mà. Inú ilé ni mo ti fẹ́ jẹ ẹ́.”