Pósí Kò Sí Nínú Owó Yìí

Oníṣẹ́ pósí ń fi sáńpépà ha ìdérí pósí kan lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Kò dá a lóhùn. Fóònù dákẹ́, ó tún dún. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó gbé e.

"Ṣé ibi tí wọ́n ti ń kan pósí nìyí?" Ohùn obìnrin ni, ó ń gbọ̀n.

"Ibẹ̀ ni."

"Ta ló fẹ́ kú nílé mi?"

Oníṣẹ́ pósí ronú díẹ̀. "Mi ò mọ̀, Màmá. Ta ló ń ṣàìsàn?"

"Kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn! Báńkì ló ránṣẹ́ sórí fóònù mi láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní wọ́n ti yọ owó nínú àpò èmi àti ọkọ mi fún oníṣẹ́ pósí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yọ ọ́! Mo bi ọkọ mi, ó ní tíkẹ́ẹ̀tì eré orin lòun rà. Èmi kì í ṣe ọmọdé. Ẹ sọ fún mi, Bàbá. Ọkọ mi ti mọ ẹni tó máa wọ inú ọ̀kan. Ta ni èkejì?"

"Tíkẹ́ẹ̀tì ni lóòótọ́. Àbúrò mi ló fẹ́ kọrin. Ẹ̀yin ni èkejì."

Obìnrin náà ké "Yéè!" Fóònù kú.

Ó padà sídìí igi rẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé e pé ìdáhùn òun ti kúrú jù.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni wọ́n ń pè ní Olóhùn Idẹ. Nígbà kan, bó bá kọrin níwájú, ẹni tó wà lẹ́yìn ilé á fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kókó yọ sí i lọ́nà ọ̀fun, àwọn dókítà là á, wọ́n yọ ọ́. Ọdún mẹ́ta kọjá. Dókítà ní ọ̀nà ọ̀fun ti san. Olóhùn Idẹ kò gbà. Inú balùwẹ̀ nìkan ló ti ń kọrin, á sì ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá a sọ ọ́ títí tó fi gbà. Ó ní òun á kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ní gbọ̀ngàn ńlá, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bí èèyàn bá wá, ó dáa. Bí wọn ò bá wá, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ orin létí òun mọ́ láéláé. Ẹ̀gbọ́n mọ̀ ọ́n. Bó bá sọ báyìí, á ṣe bẹ́ẹ̀.

Olùtọ́jú gbọ̀ngàn náà ní òfin tirẹ̀. Kò sí títa tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, nítorí wọ́n ti jà sí owó níbẹ̀ rí, wọ́n fọ́ gíláàsì. Káàdì ni kí gbogbo èèyàn fi san án lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ìdajì àga kò bá tíì ní ẹni tó sanwó rẹ̀ nígbà tó bá fi di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ẹlòmíràn ló máa fi gbọ̀ngàn fún.

"Oníṣẹ́ pósí ń ṣe eré orin," ni olùtọ́jú wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ta ni yóò pàtẹ́wọ́?"

Ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn gba owó káàdì kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn àfi ẹni tó bá ní òwò tí ìjọba mọ̀. Nínú gbogbo ẹbí, ọ̀kan ṣoṣo ló wà: Ìsinmi Rere, Oníṣẹ́ Pósí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, jókòó sídìí tábìlì iṣẹ́, ó ń fẹ́ lẹ́bú igi kúrò lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ṣí ojú ìwé tí wọ́n á ti máa sanwó. Ó fi àwòrán àǹtí rẹ̀ sí i, ó fi ọjọ́ sí i, ó fi ibi tí wọ́n á kọ nọ́ńbà káàdì sí i. Ó rẹwà. Kò sẹ́ni tó rántí pé báńkì máa dárúkọ ẹni tó gba owó. Orúkọ náà ti mọ́ àwọn ará ilé létí. Wọn kì í gbọ́ pósí inú rẹ̀ mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ ìpè náà, Ọjọ́rú, ni ọmọbìnrin yìí sáré wọlé.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Àwọn èèyàn ń gba owó wọn padà. Ọ̀kan ní wọ́n ti jí káàdì òun. Òmíràn ní ta ló ń ṣépè fún òun. Ilé iṣẹ́ káàdì ní bí ẹjọ́ bá tún pọ̀ sí i, àwọn á ti ojú ìwé náà."

"Yí orúkọ náà padà."

"Wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan."

Olóhùn Idẹ ti dé ẹnu ọ̀nà, ó lọ́ ìborùn mọ́ ọrùn. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká pa á tì, Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú. "Wọ́n ti sá. Ó ti yé mi."

Ẹ̀gbọ́n wò ó. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ tuni nínú. Ó yọ lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé tó wà létí rẹ̀, ó tẹ̀ mọ́ ìdérí pósí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ha, ó ń kọ̀wé sára igi. Nígbà tó ṣe tán, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Gbé èyí sí òkè ojú ìwé náà pátápátá, kó ga ju àwòrán lọ," ló wí fún ọmọ rẹ̀.

"Bàbá! Ohun tí wọ́n ń sá fún náà lẹ tún fẹ́ gbé sí wọn lójú?"

"Ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín la fi ń rín in."

Olóhùn Idẹ tẹ̀ síwájú, ó kà á sókè:

"Bí ẹ bá sanwó, báńkì yín á ní oníṣẹ́ pósí ló gbà á. Ẹ má fòyà. Èmi ni oníṣẹ́ pósí, àbúrò mi ni olórin. Ẹni tó bá wá á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà sílé. Pósí kò sí nínú owó yìí."

Ó dé ìlà tó kẹ́yìn, ẹ̀rín gbà á. Ó kọ́kọ́ gba imú jáde. Lẹ́yìn náà ó já sí àyà, ó ṣí, ó lu páànù òrùlé, ó padà wá bá wọn nílẹ̀. Olóhùn Idẹ fọwọ́ kan ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bí ẹni tó bá àlejò nínú yàrá.

Ẹ̀gbọ́n nu ojú. Ojú rẹ̀ ń ta á, ó ní lẹ́bú igi ni.

"Gbé e síbẹ̀," ló tún wí fún ọmọ rẹ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, ẹnìkan ti ya ojú ìwé náà sí fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ó ràn láti fóònù dé fóònù. Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin náà jókòó sórí àpótí ìṣó, ó ń kà sókè ohun tí àwọn èèyàn ń kọ síbẹ̀.

"Ẹnìkan ní ọkọ òun ga, ṣé ẹ ní àga tó gùn. Ẹnìkan ní òun ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì han ọ̀gá òun níbi iṣẹ́, ọ̀gá ti fún òun láyè ọjọ́ mẹ́ta láti ṣọ̀fọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ra odidi ìlà kan. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ pósí."

Fóònù dún. Obìnrin àná ni.

"Bàbá Oníṣẹ́ Pósí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwọ̀nyí ni ẹ ò bá ti sọ fún mi! Mo ti bẹ ọkọ mi. Àwọn àna mi náà ń bọ̀. Mo ní kí wọ́n fi káàdì tiwọn san án, kí jìnnìjìnnì mú àwọn náà díẹ̀."

"Ẹ ṣeun, Màmá."

"Èkejì ń kí yín o!" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó gbé fóònù kalẹ̀.

Ẹjọ́ dópin. Ilé iṣẹ́ káàdì kọ̀wé pé kò sí ohun tó ṣẹ́ kù láti wádìí. Nígbà tí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì fi kàn, kò sí àga kankan nínú gbọ̀ngàn tí wọn kò tíì sanwó rẹ̀. Oníṣẹ́ pósí lọ bá olùtọ́jú fúnra rẹ̀. Olùtọ́jú wo fóònù, ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

"Ó kún," ló wí.

"Ó kún."

"Èmi náà ra méjì, Bàbá. Ìyàwó mi kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ látàná."

"Ẹ mú un wá."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Olóhùn Idẹ jáde síwájú èrò. Ó tú ìborùn ọrùn rẹ̀, ó jù ú sórí àga. Gbogbo èèyàn rí àpá ọgbẹ́ náà.

"Ẹ káàbọ̀," ló wí. "Ṣé gbogbo yín ṣì wà láàyè?"

"A wà!" Ariwo náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé.

Ó kọrin. Orin àkọ́kọ́ rọra lọ, bí ẹni tó ń tẹ afárá wò. Ní ìkejì, ó dé ibi gíga tó ti ń bà á lẹ́rù láti ọdún mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá, ní ìdúró, ó di ẹ̀yìn àga tó wà níwájú rẹ̀ mú. Olóhùn Idẹ gbé ohùn gòkè. Ó débẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó gbé ohùn náà dání títí ó fi wù ú láti sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ dìde. Lẹ́yìn náà kò sẹ́ni tó jókòó mọ́. Obìnrin kan ń ké láti àárín pé, "Èmi ni èkejì! Èmi ni èkejì!" ọkọ rẹ̀ sì ń fà á láṣọ.

Olùtọ́jú gbọ̀ngàn sún mọ́ Olóhùn Idẹ nígbà tí wọ́n parí, ó bi í léèrè ọjọ́ tó tún máa padà wá.

"Ẹ bi ẹ̀gbọ́n mi," ló dá a lóhùn, omijé àti ẹ̀rín pọ̀ lójú rẹ̀. "Òun ló ń gbowó."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọmọbìnrin náà ti ojú ìwé pa. Ní ọjọ́ Ajé, oníṣẹ́ pósí gé igi tuntun, ó kan ìdérí mìíràn fún oníbàárà. Ti àkọ́kọ́, èyí tó kọ̀wé sí, wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ tó fi lẹ́ẹ̀dì kọ sára rẹ̀ kò tíì parẹ́.