Ògbufọ̀ Fíìmù ní Pálọ̀ Dádì

Richard tó fẹ́ háyà pálọ̀ lọ́wọ́ Mọ́mì ti ń fi tépù wọn ògiri ibẹ̀ nígbà tí Níyìọlá wọlé. Ojú ò tilẹ̀ tì í. Ibi tí tẹlifíṣọ̀n ńlá máa wà, ibi tí wọ́n máa to bẹ́ǹṣì sí, ó ń là á kalẹ̀ fún Mọ́mì bí ẹni pé òun ló nilé. Bọ́ọ̀lù ló fẹ́ máa fi han àwọn èèyàn níbẹ̀ ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ti fún un ni?" Níyìọlá béèrè.

"Mi ò tíì fún un," ni Mọ́mì dáhùn. "Ṣùgbọ́n ta ló ń wá wo tìẹ?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Níyìọlá wọra, torí òótọ́ ni. Látìgbà tó ti ṣe agùnbánirọ̀ tán ló ti ń fi fíìmù han àwọn ará Festac ní pálọ̀ yẹn, lọ́sàn-án Sátidé. Kì í sì í ṣe fíìmù tí gbogbo ayé ń wò. Á lọ bá Làtífátù tó ń ta àwo fíìmù ní Mile 2, á máa tú ìsàlẹ̀ páálí rẹ̀, níbi tí àwọn àwo tẹ́nikẹ́ni ò rà ń sùn sí. Ìyẹn fíìmù tí kò ní ìbọn, tí kò ní gbajúmọ̀ kankan, tí àwọn èèyàn kan dáwó jọ ṣe ní ìlú tí a ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Làtífátù máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìdọ̀tí òun ni oníbàárà yìí ń rà. Níyìọlá ò wo ti yẹ̀yẹ́. Tó bá ti rí ọ̀kan tó dáa, ṣe ni ara rẹ̀ á yá gágá, á fẹ́ kí gbogbo àdúgbò rí i.

Àmọ́ èdè òkèèrè ni wọ́n ń sọ nínú àwọn fíìmù ọ̀hún, Gẹ̀ẹ́sì á sì máa sáré kọjá nísàlẹ̀. Àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ò rí i kà. Àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn ò wá fíìmù wá kàwé. Ni àga bá ń ṣófo.

Ẹ má rò pé Mọ́mì rorò o. Pálọ̀ Dádì ni pálọ̀ yẹn, ibẹ̀ ni Dádì máa ń jókòó sí kó tó kú. Látìgbà náà ni Mọ́mì ò ti lè fara da ilé tó dákẹ́. Rédíò kékeré kan ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, bí bátìrì bá kú, orin ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ariwo Richard ló wù ú, kì í ṣe owó ilé tó fẹ́ san.

"Sátidé tó ń bọ̀," ni Mọ́mì sọ níkẹyìn. "Bí àga bá kún, pálọ̀ di tìẹ. Bí ò bá kún, kí Richard gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ wọlé."

Inú ìsìn ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni ọgbọ́n ti sọ sí Níyìọlá lọ́kàn. Bọ̀dá Owólabí wà lórí pẹpẹ, ó ń túmọ̀ ìwàásù pásítọ̀ sí Yorùbá. Bí pásítọ̀ bá fò, Bọ̀dá Owólabí á fò. Bí pásítọ̀ bá sunkún, tirẹ̀ á le ju ti pásítọ̀ lọ. Àwọn ìyá kan wà nínú ìjọ tó jẹ́ pé tirẹ̀ gan-an ni wọ́n ń wá gbọ́. Lẹ́yìn ìsìn, Níyìọlá kúnlẹ̀, ó ro ẹjọ́ rẹ̀ fún un. Bọ̀dá béèrè bóyá ìhòòhò wà nínú fíìmù náà. Níyìọlá ní kò sí. Bọ̀dá tún béèrè bóyá máíkì máa wà. Ó ní ó wà. Lọ̀rọ̀ bá yanjú.

Nígbà tó máa di Sátidé, wọ́n ti gbọ́ ọ dé Agboju pé Bọ̀dá Owólabí fẹ́ túmọ̀ fíìmù. Pálọ̀ kún dé ẹnu ọ̀nà, àwọn kan gbé àga wá láti ilé wọn. Richard náà wá, ó fara ti ògiri tó ti wọ̀n.

Fíìmù náà dá lórí obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ apẹja. Bọ̀dá Owólabí ń ṣe ohùn ọkọ, ó ń ṣe ohùn ìyàwó, ó ń ṣe ti ọ̀gá ọlọ́kọ̀ ojú omi, àwọn èèyàn sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, omi gbé ọkọ lọ. Ìyàwó ti ibi ìsìnkú dé, ó wọ ilé ìdáná, ó gbé abọ́ méjì sórí tábìlì, ó bu oúnjẹ sí méjèèjì. Ó jókòó. Kò sọ nǹkan kan.

Ẹnu Bọ̀dá Owólabí ò mọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí pásítọ̀ bá dúró mí, ògbufọ̀ ló ń dí àlàfo. Ó wúkọ́, ó tún wo ojú fíìmù bóyá obìnrin náà á ṣàánú òun.

"Ó ń sọ lọ́kàn rẹ̀," ló bá wí, "pé ọ̀tá ilé yìí ti ṣubú."

"Àmín," ni pálọ̀ dáhùn.

Ó tún ní obìnrin náà ń gbàdúrà pé kí ilẹ̀kùn ìbùkún ṣí. Wọ́n ṣe àmín, ẹnì kan lẹ́yìn sì dá orin sílẹ̀. Kò sí ọ̀tá kankan nínú fíìmù yẹn. Ọwọ́ Níyìọlá ti wà lára wáyà máíkì, ṣùgbọ́n báwo ló ṣe máa pa àgbàlagbà lẹ́nu mọ́ lójú èrò? Tó bá sì pa á lẹ́nu mọ́, ta ló máa dúró? Àga tó kún yìí ló máa jẹ́ kí pálọ̀ di tirẹ̀. Ó fẹ́ sunkún.

"Owólabí."

Mọ́mì ló pè é. Kò pariwo.

"Jọ̀ọ́, jẹ́ kó dákẹ́."

Orin kú. Ìró jẹnẹrétọ̀ nìkan ló kù níta. Lójú fíìmù, obìnrin náà mú ẹja inú abọ́ tirẹ̀, ó fi í sínú abọ́ kejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kò sẹ́ni tó dìde. Bọ̀dá Owólabí gbé máíkì lé itan, òun náà ń wò.

Nígbà tí fíìmù parí, bàbá kan béèrè lọ́wọ́ Níyìọlá èwo ló kàn. Bí èrò ti ń tú ni Mọ́mì tan rédíò rẹ̀, bí ìṣe rẹ̀. Richard sún mọ́ wọn. Ó ní kí Mọ́mì má bínú, Owólabí làwọn èèyàn yìí wá wò, kì í ṣe fíìmù. Níyìọlá mọ̀ pé irọ́ kọ́ ló pa.

"Èmi ò wá wo Owólabí," ni Mọ́mì wí. Ó dojú kọ ọmọ rẹ̀. "Mo ṣì máa ń bu oúnjẹ bàbá ẹ. Tó o bá ti jáde, màá bù ú. Mo ti rò pé orí mi ló ń dàrú, pé èmi nìkan ni."

Níyìọlá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mọ́mì yíjú sí Richard, ó sọ fún un jẹ́ẹ́jẹ́ pé kó wá yàrá sí ibòmíràn. Richard ká tépù rẹ̀, ó ní òun ti gbọ́ nípa ọ̀kan ní Raji Rasaki Estate, ó kí wọn, ó lọ.

"Dá a padà síbi abọ́ méjì yẹn," ni Mọ́mì sọ.

Níyìọlá dá a padà. Kí obìnrin náà tó jókòó, Mọ́mì na ọwọ́ sí rédíò, ó pa á.